Ìbọn ní Ìhà Méjèèjì Bodè

Láti ibùdókọ̀ Pleasure, tí ó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ́ṣọ́, ọkọ̀ tí ó bá dorí kọ Ṣàngó Ọ̀tà yóò bá ọ̀nà tí ó yà lọ sí Ìdí-Ìrókò pàdé, ọ̀nà náà yóò sì mú un kọjá bodè wọ Ìgólò, títí dé Àjàṣẹ́ tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lè ná ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò yìí dé òpin rẹ̀ láìwá ògbufọ̀, Ògún tí àwọn ọdẹ ń bọ ní Ìmẹ̀kọ náà ni àwọn ọdẹ ń bọ ní Kétu, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kò yàtọ̀ sí ara wọn. Ṣùgbọ́n ní kété tí ènìyàn bá ti kọjá bodè, ọwọ́ tí òfin fi mú ìbọn yí padà, ohun tí ará ìlú sì ń retí lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbé ìbọn yí padà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ yìí kò ti inú ẹ̀jẹ̀ tàbí àṣà wá. Ohun tí ó bí i ni ọ̀nà tí ìjọba kọ̀ọ̀kan gbà fi ìdí ara rẹ̀ múlẹ̀, àti bóyá ìjọba náà ń dáhùn tàbí kì í dáhùn nígbà tí ará ìlú bá figbe ta lóru.

Ìbọn ti wà ní ilẹ̀ yìí kí ààlà tó wà. Àwọn oníṣòwò etíkun ni wọ́n kó o wọlé láti ayé òwò ẹrú, àwọn alágbẹ̀dẹ sì kọ́ bí a ti ń tún un ṣe, títí tí ó fi jẹ́ pé ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí ìlú Yorùbá tí ó lè jagun láìsí i. Ogun Kírìjì tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ jà láti 1877 títí di 1886 fi èyí hàn ju gbogbo ogun mìíràn lọ, nítorí pé ìró ìbọn ńlá tí ń dún lójú ogun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ìbọn Snider tí àwọn Èkìtìparapọ̀ sì rí gbà láti Èkó, èyí tí a ń ki ọta sí láti ìdí dípò ẹnu, wà lára ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n lè dá ọmọ ogun Ìbàdàn dúró. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ọmọ ogun Dàhòmì, tí àwọn obìnrin jagunjagun wà lára wọn, gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864 láìrí ìlú náà kó, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́ Kétu ní 1886.

Ìyàtọ̀ láàárín ìbọn tí a ń ki láti ẹnu àti èyí tí a ń ki láti ìdí ni àwọn Òyìnbó fi ṣe ìpìlẹ̀ òfin. Ní 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí Àdéhùn Brussels ka kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìbọn àtijọ́ tí òkúta ìṣáná ń tan ẹ̀tù rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ dẹ́kun òwò ẹrú. Èrè tí wọ́n jẹ níbẹ̀ ni pé láàárín ọdún mélòó kan tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń gba ilẹ̀ kiri, ìbọn tí ń yára yìn wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n kọlù sì ní láti máa ki ẹ̀tù láti ẹnu lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni ìbọn ṣakabùlà, ìyẹn ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, ti ní ipò tirẹ̀ nínú òfin, gẹ́gẹ́ bí ìbọn tí aláṣẹ lè fi sílẹ̀ fún ọdẹ àti àgbẹ̀ nítorí pé kò lè ba ìjọba lẹ́rù.

Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ó la ilẹ̀ Kétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba Òyìnbó, fi hàn bí ìjọba méjèèjì ti yàtọ̀ sí ara wọn lára ènìyàn kan náà. Faransé ń fi òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ṣàkóso tààrà, ó ń fipá kó ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn Ọ̀họ̀rí tí wọ́n ń gbé inú ẹrẹ̀ láàárín Pọ́bẹ̀ àti Kétu sì dìde ogun sí i ní 1914 sí 1915, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn kó ẹrù wọn sọdá sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kì í fojú kékeré wo ìbọn lọ́wọ́ ará oko. Òfin tí Faransé ṣe ní 1925 fún gbogbo ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pín ìbọn sí ti òwò àtijọ́ àti ti ìgbàlódé, ó sì fi àṣẹ lórí ti ìgbàlódé sí ọwọ́ aláṣẹ ìjọba. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú dá àwọn ìbọn sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀dọ̀ ọba àti aláṣẹ ìbílẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, èyí sì hàn kedere nínú òfin tí ó fi sílẹ̀ kí ó tó lọ.

Òfin náà ni Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí ó wà lójú iṣẹ́ ní Nàìjíríà títí di òní. Ó pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, ẹni tí ó sì ń fúnni láṣẹ yàtọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ kìíní ni èyí tí òfin kà léèwọ̀: ìbọn ńlá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́, ìyẹn ìbọn kékeré tí a lè fi ọwọ́ kan yìn, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fúnni ní ìwé àṣẹ lórí wọn, ẹni tí wọ́n bá sì ká ọ̀kan mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó kéré jù. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn ìṣọdẹ ìgbàlódé tí kì í ki ara rẹ̀, èyí tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ń fúnni ní láísẹ́ńsì fún. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà, tí òfin fi sílẹ̀ fún aláṣẹ tí ìpínlẹ̀ bá yàn. Òfin náà tún sọ ẹni tí kò yẹ kí ó rí láísẹ́ńsì gbà: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ìlà tí ó ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun èèwọ̀ yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ olówó ní Èkó gbà pé ẹni tí ó bá ní ẹsẹ̀ nílé ìjọba lè rí ìwé rẹ̀ gbà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kò sí àgọ́ ọlọ́pàá kankan ní Nàìjíríà tí ó ní agbára láti fún ẹnikẹ́ni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970 ni ó mú kí ọwọ́ ìjọba tún le sí i. Ìbọn ogun ṣẹ́ kù sọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ, olè jíjà pẹ̀lú ìbọn gba ojú pópó, ìjọba ológun sì ṣe òfin ní ọdún náà gan-an pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Ní 1971, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ará Èkó dúró ní Bar Beach láti wo bí wọ́n ti ń yìnbọn pa àwọn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni ọkàn ará ìlú ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ìbọn. Ìbọn ọdẹ kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Wọ́n ń yìn ín níbi ìsìnkú ọdẹ, wọ́n ń yìn ín níbi ọdún Ògún, ọmọdé sì ń sáré lọ wo ibi tí èéfín ẹ̀tù ti ń rú. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ó fara pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ìbọn olè ni, ẹni tí ó bá sì rí i lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ro ibi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Apátí jẹ́ ẹ̀yà kan lára ìbọn, ẹni tí ó sì pa òwe náà kò dúró wo bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀ kí ó tó sá. Irú ìṣọ́ra yìí ni Yorùbá ìhà méjèèjì bodè jọ jogún, nítorí náà kò bójú mu láti sọ pé ará Nàìjíríà fẹ́ràn ìbọn ju ará Benin lọ.

Síbẹ̀, iye ìbọn kò dọ́gba. Ìwádìí Small Arms Survey, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Geneva, tí ó jáde ní 2018, fojú bu ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ aráàlú Nàìjíríà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 6, ìyẹn ìbọn 3 sí ènìyàn 100, nígbà tí ti Benin kò tó ìbọn 1 sí ènìyàn 100. Ìfojúbù ni, kò sì sí ẹni tí ó lè ka gbogbo ṣakabùlà tí ó wà ní àjà ilé ní Òkè-Ògùn tàbí ní Sábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì tóbi ju kí a fi ìṣìrò lásán ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí ó fà á ṣe kedere nígbà tí ewu dé. Láti òpin 2021 ni àwọn agbébọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ajàjàgbara ẹ̀sìn ti ń ti Burkina Faso àti Niger wọ àríwá Benin, wọ́n sì ń pa ọmọ ogun ní àgbègbè igbó ọba tí wọ́n ń pè ní W àti Pendjari. Ìjọba Benin kó nǹkan bíi ọmọ ogun 3,000 lọ sí ibẹ̀ ní 2022 lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mirador. Kò pín ìbọn fún ará abúlé. Burkina Faso, tí wọ́n jọ pín ààlà, ti gba ọ̀nà mìíràn ṣáájú: ní oṣù kìíní ọdún 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀ ṣe òfin tí ó jẹ́ kí ìjọba fún aráàlú tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ìbọn lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́. Ọ̀pọ̀ abúlé rí ààbò díẹ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ti kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé àwọn kan lára àwọn tí wọ́n gba ìbọn yìí dojú rẹ̀ kọ àwọn Fúlàní aládùúgbò wọn. Benin ti da ọlọ́pàá rẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ tí àwọn Faransé ń pè ní gendarmerie pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ohun tí ó sì ń sọ fún ará ìlú ni pé ọ̀dọ̀ ẹni kan ni kí wọ́n ké sí.

Gánà tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ọlọ́pàá ibẹ̀ lè fún aráàlú ní láísẹ́ńsì fún ìbọn ìléwọ́ pàápàá, ó kàn gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ dọ̀tun, àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ sì ní òkìkí nínú ìbọn rírọ. Ìwádìí kan náà fojú bu ti Gánà sí ìbọn 8 sí ènìyàn 100. Síbẹ̀, Gánà kò mọ irú ìjínigbé tí àwọn arìnrìn-àjò Nàìjíríà ń bẹ̀rù, èyí tí ó fi hàn pé iye ìbọn tí ó wà nínú ìlú nìkan kò tó láti fi mọ bí ọkàn ìlú ti balẹ̀ tó.

Ní Alímọ́ṣọ́, ohun tí ará ìlú ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ òfin ìbọn kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Ìjọba ti sé ìlú mọ́ nítorí àrùn Kòrónà, iṣẹ́ dúró, ebi ń pa àwọn ènìyàn, ìròyìn sì gba gbogbo àdúgbò kan láti Ìyànà Ìpájà dé Agége àti Ṣàngó Ọ̀tà pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti Awawa ń bọ̀ wá jalè. Àwọn ọkùnrin àdúgbò jáde, wọ́n dáná sun táyà ní oríta, wọ́n sì ń ṣọ́ òru pẹ̀lú àdá, igi, oògùn àti ṣakabùlà tí ọdẹ tàbí bàbá ẹnìkan ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú àwọn ìbọn náà má ní ìwé kankan. Kò sí ẹni tí ó bèèrè, nítorí pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bèèrè kò sí nítòsí. Ní òru wọ̀nyẹn, òfin 1959 wà nínú ìwé, àlàáfíà àdúgbò sì wà lọ́wọ́ ẹni tí òfin náà ìbá mú. Ìwà ọ̀daràn kọ́ ni èyí. Bí ènìyàn ti máa ń ṣe ni nígbà tí ó bá ké títí tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ewu rẹ̀ kò sì kéré, nítorí pé ẹni tí ó gbé ìbọn láìsí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú òkùnkùn, tí àyà rẹ̀ sì ń já, lè yìn ín lu ẹni tí ń ti iṣẹ́ òru bọ̀.

Ìpínlẹ̀ tí ó wà nítòsí ara wọn pàápàá kò ṣe bákan náà. Lẹ́yìn tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, Ògùn àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé ìbọn ọdẹ àti pump-action, ìyẹn ìbọn ìṣọdẹ tí a ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé. Èkó ní tirẹ̀ di ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí ó ti dá sílẹ̀ láti 2016 mú, àwọn tí wọn kì í gbé ìbọn. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn nínú ìjọ Àgùdà kan ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, gómìnà Ondo ìgbà náà, Rotimi Akeredolu, béèrè ní gbangba pé kí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tí ó tó ti ọ̀tá. Ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ rìn láti Alímọ́ṣọ́ wọ ìpínlẹ̀ Ògùn ti kúrò lábẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ìbọn bọ́ sábẹ́ èyí tí ó ní, láìkọjá bodè kankan.

Àwọn aláṣẹ Nàìjíríà máa ń di ẹ̀bi lé aládùúgbò lórí. Nígbà tí ìjọba ti gbogbo bodè ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, fàyàwọ́ ìrẹsì àti ìbọn wà lára ìdí tí wọ́n sọ, kò sì sí èyí tí ó ṣí nínú wọn títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìyà rẹ̀ jẹ alájàpá Ìdí-Ìrókò àti Sẹ̀mẹ̀ gan-an. Lóòótọ́ ni pé ìbọn ń gba inú igbó wọlé, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba Líbíà ti wó ní 2011. Ṣùgbọ́n ìbọn pump-action 661 tí àwọn aṣọ́bodè mú ní Mile 2 ní oṣù kìíní ọdún 2017 ti èbúté Èkó jáde nínú kọ̀ǹténà, àwọn 1,100 tí wọ́n mú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà wà ní èbúté Tin Can láti Tọ́kì, èbúté Àpápá sì ni wọ́n ti rí kọ̀ǹténà 13 tí ó kún fún ohun ìjà láti Iran ní 2010. Omi ni ó gbé àwọn wọ̀nyí wá, ọ̀nà Kétu kọ́. Ìjọba tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ìbọn ti ń wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ní etíkun.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà lókè òkun ń gbé irú ìyàtọ̀ yìí lójoojúmọ́. Ní Brítéènì, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní 1996, òfin 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ aráàlú. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 21 tí òfin kò dí lọ́wọ́ lè gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láìgba ìwé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè wà, ọ̀kan ní Peckham, èkejì ní Houston, kí èrò wọn lórí ìbọn sì má bára mu mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ní 2024, Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko dá a lábàá pé kí òfin jẹ́ kí aráàlú tí ó yẹ lè ní ìbọn láti fi gba ara rẹ̀. Ìrora tí ó bí àbá náà yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n àbá náà fi iṣẹ́ ìjọba lé ẹni tí ó ti ń sanwó orí fún iṣẹ́ náà lórí, yóò sì fi ẹni tí kò lówó ìbọn sílẹ̀ láìní olùgbèjà. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ti wà nínú àdéhùn tí Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, ka ìbọn ogun léèwọ̀ fún aráàlú, ó ní kí ẹni tí ó bá ń béèrè láísẹ́ńsì fi ìdí tí ó fi fẹ́ ẹ hàn, kí ó kọ́ bí a ti ń lò ó, kí ó sì dúró ó kéré tán ọjọ́ 21 kí àṣẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó tún ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ gbogbo ìbọn, kí àjọ ECOWAS sì ní ọ̀kan tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2021 láti bójú tó iṣẹ́ yìí. Ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀wọ́ kẹta nínú òfin 1959, ìyẹn ṣakabùlà, nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ rẹ̀, ẹgbẹ́ ọdẹ sì mọ ẹni tí ó ní i ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Èkó lè pe àwọn ọdẹ Ìkòtún, Ìgàndó àti Ẹ̀gbẹ́dá jọ, kí ó kọ orúkọ wọn àti ìbọn wọn sílẹ̀ láìdẹ́rù bà wọ́n. Ògùn lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, kí Benin náà ṣe é ní Kétu. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ọdẹ Ìlárá tí ó bá lépa ẹran ìgbẹ́ kọjá ààlà lè wọ Benin fúnra rẹ̀ láìgba físà, nítorí pé ECOWAS ti fún un ní ẹ̀tọ́ náà láti 1979, ṣùgbọ́n ìwé ìbọn tí ó wà nínú àpò rẹ̀ kò ní agbára kankan ní ìhà kejì.